Ẹni Tó Di Orí Téèpù Mú

Ọdún kẹfà nìyí tí obìnrin náà ti ń gbé yàrá òkè ní àárín àdúgbò ọ̀hún, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó fi pamọ́. Kò sẹ́ni tó bi í ni. Sístà Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí pé ilé tó ń gbé nìkan ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní gbogbo ìta náà. Láàárọ̀, á sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀ àti páìpù gígùn tó ń kó ìwé àwòrán sí. Káfíńtà tó wà nísàlẹ̀ á ní, "Sístà, ẹ ò ní pẹ́ dé o." Nírọ̀lẹ́, á gun òkè padà, káfíńtà á ní, "Sístà, ẹ káàbọ̀." Ó tán nìyẹn. Bí èèyàn bá ka gbólóhùn tí wọ́n bá a sọ ládùúgbò yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bóyá ló fi máa pé ogún, káfíńtà ló sì máa ni mẹ́rìndínlógún nínú rẹ̀.

Ilé yíyà ni iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o: kì í ṣe ayàwòrán-ilé tó ń fọwọ́ sí pùláànù. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Obìnrin náà ló ń yà á. Ọ̀gá á mú bírò, á fa àpótí mẹ́ta sí ẹ̀yìn àpò ìwé kan, á ní, "Ilé oníyàrá mẹ́rin nìyẹn, mo fẹ́ ẹ ní Ọjọ́bọ̀," á sì lọ jẹun. Òun ni yóò wá ibi tí àtẹ̀gùn máa gbà. Òun ni yóò rántí pé ilé ìwẹ̀ gbọ́dọ̀ ní fèrèsé, àti pé ilẹ̀kùn méjì ò gbọ́dọ̀ máa kọ lu ara wọn. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ilé tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ní ìlú yẹn kò lóǹkà, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé rẹ̀.

Ohun tó ń fẹ́ kò pọ̀. Ó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ sí ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ yà. Kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìlọ gba oyè kejì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ ilé yíyà àti ètò ìlú. Ìdánwò ni wọ́n fi ń gbani wọ ibẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é, ọdọọdún lòun náà sì ń sọ pé ó di àmọ́dún. Èmi ò pè é lọ́lẹ o, ẹ̀rù ló ń bà á. Àmọ́ lọ́dún yìí, ó ka ìwé ìkéde wọn délẹ̀, ó rí i pé wọn kì í gba ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún. Òun sì ti pé mọ́kàndínlógójì. Bó bá fi ti ọdún yìí ṣeré, á máa ya ilé fún ọ̀gá títí ojú rẹ̀ ò fi ní ríran mọ́. Ó gba fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ náà.

Apá mẹ́ta ni ìdánwò ọ̀hún pín sí. Kíkọ ni àkọ́kọ́, yíyà ni èkejì. Ẹ̀kẹta ló gba ọgbọ́n: kí olúkúlùkù wọn ìta tó ń gbé láti orí dé ìdí, kó yà á sórí bébà ńlá kan, ilé kọ̀ọ̀kan bó ṣe gùn àti bó ṣe fẹ̀, ohun tí wọ́n ń fi ṣe, iye èèyàn tó ń gbé inú rẹ̀, kó sì gbé e wá síwájú àwọn olùdánwò láti dáhùn ìbéèrè lé e lórí. Ìlà kékeré kan wà nísàlẹ̀ ìwé náà pé àwòrán tó bá dára, ọ́fíìsì ètò ìlú yóò gbà á láti máa fi ṣiṣẹ́. Ó ka ìyẹn kọjá bí ẹni ka àdírẹ́sì ẹni tó tẹ ìwé.

Ìwé kíkà ò ni í lára. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jí sí i. Ohun tó ni í lára ni pé kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Ẹni tó bá ti ṣe ìdánwò rí mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ká kàwé, ọ̀tọ̀ ni kí ẹnì kan gba ìwé lọ́wọ́ ẹni, kó ní, "Ó yá, sọ ọ́ fún mi." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù máa ń pè é lórí fóònù ní Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Sístà bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan pé kó bi òun ní ìbéèrè. Ẹ̀gbọ́n ka méjì, ó ní, "Àbúrò mi, gbogbo èyí ò yé mi. Ṣé ara le?" Ibẹ̀ ló parí sí.

Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ka ọgọ́rùn-ún ìbéèrè sínú fóònù rẹ̀, ó fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá ń gbọ́ ọ nígbà tó bá ń fọṣọ. "Kí nìdí tí a kì í fi kọ fèrèsé ńlá sójú ìwọ̀ oòrùn?" ni ohùn rẹ̀ á bi í. Á dáhùn. Bí ìdáhùn bá ti gùn ju àlàfo lọ, ohùn á já lu ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, inú á sì bí i. Á ní, "Ṣé o ò lè ní sùúrù ni?" Òun nìkan nínú yàrá, òun àti ara rẹ̀ ń bára wọn fa ọ̀rọ̀. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Lọ́jọ́ kan ó rẹ́rìn-ín títí, ẹkún ló fi parí ẹ̀, ó sì jókòó ti bàsíà aṣọ títí fóòmù ọṣẹ fi pa tán lójú omi. Obìnrin náà ń dá wà, mi ò ní fọ̀rọ̀ bò ó. Bẹ́ ẹ bá bi í, á ní ìwé lòun ń kà, òun ò ráyè èèyàn. Irọ́ ló ń pa.

Téèpù ló tú àṣírí rẹ̀. Ẹ wò ó, téèpù tí wọ́n fi ń wọnlẹ̀, iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹnì kan á di orí rẹ̀ mú síbi tí ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kejì á fa ìdí rẹ̀ lọ. Ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Tó bá jẹ́ ti ọ́fíìsì ni, dírẹ́bà ọ̀gá ló máa ń bá a dì í mú. Níbí ńkọ́? Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní òwúrọ̀ Sátidé kan, téèpù lọ́wọ́, ó wo ìta sókè, ó wò ó sódò. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, kò sì rí ẹnì kan ṣoṣo tó lè sọ fún pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di eléyìí mú." Àwọn èèyàn náà ò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tọrọ iná lọ́wọ́ aládùúgbò fún ọdún mẹ́fà, ibo ló ti máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀?

Ló bá dá ọgbọ́n kan. Ó so orí téèpù mọ́ bíríkì, ó gbé bíríkì kalẹ̀, ó wá fa ìdí téèpù lọ. Níbi tó bá parí sí, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri tó wà nítòsí, á padà lọ gbé bíríkì rẹ̀ wá síbẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì funfun ò hàn lára ògiri tí wọ́n kùn ní funfun. Ó lọ ra pupa.

Ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Ní ìlú yẹn, ọ̀dà pupa ni ọ́fíìsì ètò ìlú fi ń sàmì sára ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú, ìròyìn ti dé ilé gbogbo pé àmì ti dé, wọ́n sì ti fi kànìnkànìn fọ gbogbo rẹ̀ nù. Sístà rò pé ìrì ló pa á rẹ́. Ó tún un fà ní Sátidé kejì, wọ́n tún un fọ̀. Nígbà tó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá onílé rẹ̀ gun òkè wá bá a, káfíńtà tẹ̀ lé e.

"Sístà," ni bàbá onílé wí, kò gbà láti jókòó, "ó pẹ́ tá a ti jọ ń gbé. Bó bá jẹ́ ìjọba ló rán yín sí wa, ẹ sọ ọ́, ká lè mọ ibi tá a máa kó ẹrù gbà."

"Bàbá, kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Ìdánwò ni mo fẹ́ ṣe."

Káfíńtà wo bàbá onílé. "Ìdánwò kẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lọ síbi iṣẹ́ láti ìgbà yìí?"

"Ti ilé ẹ̀kọ́ gíga ni. Wọ́n ní ká wọn ìta tá a ń gbé, ká yà á."

"Wọ́n wá ní pupa ni kẹ́ ẹ fi yà á?" ni bàbá bi í.

Wọn ò dúró gbọ́ èsì. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti ń kọjá, ṣe ni káfíńtà máa ń doríkodò sídìí ayùn rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ogún gbólóhùn, ẹ yọ mẹ́rìndínlógún kúrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló sì kù kí ìdánwò pé.

Ilé kan ṣoṣo ni wọn ò ti fọ àmì pupa nù, ìyẹn ilé Ìyá Àgbẹ̀bí. Ìyá yìí ti gbẹ̀bí ládùúgbò náà títí orúnkún rẹ̀ fi kọ iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, òun náà á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, á máa wo ìta títí ilẹ̀ á fi ṣú. Gbogbo bí Sístà ṣe ń gbé bíríkì sọ̀, tó ń gbé e kà, ó ń wò ó. Ní Sátidé kẹrin, ó fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀.

"Ìwọ ọmọ òkè yìí, wá. Kí ni bíríkì yẹn ń bá ọ ṣe?"

Sístà kúnlẹ̀ kí i. "Òun ló ń bá mi di orí téèpù mú, mà."

Ìyá wo bíríkì, ó wo òun náà. "Nínú gbogbo èèyàn tó wà láyé, bíríkì lo rí bẹ̀."

Sístà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi ti ń gbá jọ sí i lójú. Kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ìyá ti ń fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde.

"Mú un wá. Orí ọmọ tí mo ti fi ọwọ́ méjì yìí dì mú wá sáyé lé lẹ́gbẹ̀rún. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Orí téèpù náà ò ní wọ́ níṣojú mi."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá á jókòó sórí àpótí kékeré kan, á fi àtàǹpàkò tẹ orí téèpù mọ́ ìdí ògiri, á ní, "Máa lọ." Bí Sístà bá ti fa ìdí rẹ̀ dé ibi tó fẹ́, á kígbe iye rẹ̀, ìyá á tún un sọ tẹ̀ lé e kó má baà gbàgbé, wọ́n á sì gbé àpótí síwájú. Ṣọ́ọ̀kì pupa wọ inú àpò, kò jáde mọ́. Ẹnu ọ̀nà tó ti tì tẹ́lẹ̀ sì ń ṣí, nítorí pé ṣàṣà ni ilé tí Ìyá Àgbẹ̀bí ò ti gbẹ̀bí rí níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń fi ilẹ̀kùn falẹ̀, ìyá á ní, "Èmi ni mo ní kó wọ̀n ọ́n. Àbí ojú mi ló ń tì ọ́? Ojú mi ò ti ìyàwó ẹ nígbà yẹn." Wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sọ iye èèyàn tó wà nínú ilé. Káfíńtà náà ṣí ìsọ̀ rẹ̀, ó tilẹ̀ bá wọn gbé pákó kúrò lójú ọ̀nà. "Sístà, ẹ má bínú," ló wí. "Ẹ̀rù ló bà wá." Sístà ní kò sí nǹkan kan.

Ní Sátidé karùn-ún ni ìyá bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó sọ ọ́. Ìyá pè é, ó tún un pè bí ẹni tọ́ ọ wò, ó ní ó dára. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi orúkọ rẹ̀ pè é láti òdìkejì ìta, ó sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Bí wọ́n bá ti wọn ilé tán, ìyá á gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé e jìnnà sójú, á máa bi í ní ìbéèrè. Kò sí èyí tó yé e nínú rẹ̀. Bí ìdáhùn bá ti gùn dáadáa, á ní, "O gbà á." Bó bá kúrú, á ní, "Lọ tún un kà." Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àmọ́ ọ̀nà yẹn ṣiṣẹ́ ju fóònù lọ.

Ilé ìyá fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi kádìí. Yàrá kan wà níwájú rẹ̀, tó ní fèrèsé méjì àti bẹ́ẹ̀dì irin kan tí wọ́n tẹ́ aṣọ mímọ́ sí títí di òní. Ìyá fi ọ̀pá júwe rẹ̀. "Ọkọ mi ló sún ògiri yìí síwájú nígbà tí àwọn aboyún ò gba pálọ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi mọ ọ́n. Ibí ni mo ti gbẹ̀bí àwọn ọmọ káfíńtà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Sístà wọn yàrá náà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó wọn yàrá ẹ̀yìn, ó wọn àgbàlá, ó wá fa téèpù sọdá ìta.

Gbogbo ibi yòókù, ogún ẹsẹ̀ bàtà ni ìta yẹn fẹ̀, iye yẹn náà sì ni òfin sọ. Níwájú ilé ìyá, mẹ́rìndínlógún ni. Ó tún un wọ̀n. Mẹ́rìndínlógún náà ni. Ọkọ ìyá ti kọ́lé sórí ìta ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin.

"Ó tó?" ni ìyá bi í láti ìdí ògiri, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lórí téèpù.

"Ó tó, mà," ló wí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Ìgbà náà ló rántí ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀ ìwé ìkéde. Bí àwòrán rẹ̀ bá dára, ọ́fíìsì ètò ìlú ló ń lọ. Ẹni tó bá sì gbé e sórí tábìlì níbẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó máa rí ni ilé kan ṣoṣo tó yọ jáde láàárín mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọ̀dà pupa gidi ló máa tẹ̀ lé e. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àwọn ará àdúgbò tó fọ ṣọ́ọ̀kì nù kì í ṣe òmùgọ̀ rárá, òun gan-an ni kò tètè mọ̀.

Ní Ọjọ́ Ajé, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì. "Ọ̀gá, bí èèyàn bá wọn ilé kan, tó rí i pé ó yọ síta ńkọ́?"

"Kó yà á bó ṣe yọ."

"Bí wọ́n bá wá tìtorí ẹ̀ wó o ńkọ́, sà?"

Ọ̀gá ò gbójú kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Ìyẹn ò kan rúlà. Iṣẹ́ wa, ìwọ̀n ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwọ̀n ṣàánú èèyàn, kó lọ máa ya àwòrán ẹyẹ."

Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà. Òun náà ti sọ irú rẹ̀ fún àwọn oníbàárà rí. Síbẹ̀, ní ọ̀sán Sátidé tó ṣáájú ìdánwò, ó jókòó sídìí pátákó rẹ̀, ó fa gbogbo ìta náà láti orí dé ìdí, nígbà tó sì kan ilé Ìyá Àgbẹ̀bí, ó ti ògiri iwájú sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó sì mú un bá ti àwọn yòókù dọ́gba. Ó kọ ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn àgbàlá dé ojú ìta, bó ṣe kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó kù. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé ìwọ̀n rẹ̀, ó ń fi ìwọ̀n inú yàrá kún un bó ṣe ń ṣe láti ọdún mẹ́rìnlá, láìronú, bí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tó yà á tán, ó dára lójú rẹ̀. Kò tíì ya ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kíkọ lọ dáadáa. Yíyà lọ dáadáa jù ú lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé àwòrán ìta wọlé síwájú àwọn mẹ́ta tí wọ́n jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn: ọ̀jọ̀gbọ́n àgbàlagbà kan, obìnrin kan tó ń kọ máàkì, àti ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì ètò ìlú tó ń wo fóònù. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ́ bébà náà, ó wò ó pẹ́. Ó bi í nípa káfíńtà, ó bi í nípa omi òjò, ó bi í pé báwo ló ṣe rí inú gbogbo ilé wọ̀. Sístà ní àgbàlagbà kan ló mú òun wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkàn Sístà ti ń fò, ó ti ń rí orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ pùláànù. Ìka ọ̀jọ̀gbọ́n wá dúró síbì kan.

"Níbí. O ní láti ẹ̀yìn dé ojú ìta jẹ́ ọgọ́ta. Àgbàlá jẹ́ ogún. Yàrá ẹ̀yìn jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Yàrá iwájú jẹ́ mẹ́wàá. Mélòó ni gbogbo ẹ̀?"

Ó ti rí i kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Tirẹ̀ ò tilẹ̀ rìn tó ọ̀sẹ̀ kan. Ó lè pa irọ́ kan, ó ti ògiri sẹ́yìn. Àmọ́ irọ́ kejì tó yẹ kó tẹ̀ lé e, kó gé yàrá aboyún yẹn kù sí mẹ́fà, ọwọ́ rẹ̀ ò pa á. Ọwọ́ tó ti ń kọ òótọ́ láti ọdún mẹ́rìnlá ti kọ òótọ́ síbẹ̀ kí orí tó mọ̀.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, sà."

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin wọ ibo?" Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. "Bó bá jẹ́ pé ilé yẹn yọ síta ni, sọ pé ó yọ síta, ká máa lọ. Nínú gbogbo ohun tá a ti rí láàárọ̀ yìí, kò sí èyí tó tó tìẹ."

Ọkùnrin ọ́fíìsì ètò ìlú gbé fóònù sílẹ̀, ó fa bébà sún mọ́ra, ó mú bírò. Sístà wo bírò náà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀, òótọ́ sì ni.

"Mo ṣì í wọ̀n ni, sà," ló wí.

"O wọn ọgbọ̀n ilé láìṣìṣe, o wá ṣi ẹyọ kan wọ̀n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọdún mélòó lo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí?"

"Mẹ́rìnlá, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì ká àwòrán náà fún un. "Ẹni tí kò bá tíì mọ téèpù lò lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá, a ò lè fi ìlú lé e lọ́wọ́." Ó dùn ún láti sọ ọ́, ó hàn lójú rẹ̀. Ọkùnrin ètò ìlú padà sídìí fóònù rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó wọlé. Tirẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò ní sí níbẹ̀, síbẹ̀ ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó ka ti àwọn tí wọ́n ní kó ṣì máa dúró de àyè pàápàá. Ó ń wọ ìta lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn nígbà tí Ìyá Àgbẹ̀bí fi orúkọ pè é. Ìyá ti sọ fún gbogbo ilé pé ọmọ òun ń lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọn ò mú mi, mà."

"Nítorí kí ni?"

Kò rò ó débẹ̀ rí. "Wọ́n ní ìwọ̀n mi ò pé," ló wí, ọ̀rọ̀ náà sì ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ ohun tó sọ.

Ìyá wo àtàǹpàkò rẹ̀ ọ̀tún, ó ń fi ti òsì ra á. "Ìwọ̀n," ló wí. "Ṣebí èmi ni mo di orí rẹ̀ mú."

"Kì í ṣe ẹ̀yin, mà. Èmi ni mo ṣì í kọ. Ẹ dì í mú dáadáa."

"Ọwọ́ ọ̀hún ti ń gbọ̀n láti ọdún tó kọjá. Mi ò sọ fún ọ ni. Mo rò pé mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa." Ó ń mi orí. "Ogójì ọdún lo sọ pé wọ́n fi sí i, àbí? Wọn ò ní gbà ọ́ mọ́."

Sístà bẹ̀ ẹ́, ó búra fún un. Bó ṣe ń búra tó ni ìyá ń mi orí tó, nítorí ẹni tó bá ti gbẹ̀bí fún ogójì ọdún mọ ìgbà tí èèyàn ń parọ́ láti fi tu òun nínú. Òótọ́ kan ṣoṣo ló lè mú ẹ̀bi yẹn kúrò lọ́rùn ìyá: kó sọ fún un pé ògiri tí ọkọ rẹ̀ mọ ló yọ síta. Ìgbà náà ni ìyá á wá máa fi etí sí ẹnu ọ̀nà ní gbogbo ọjọ́ tó kù láyé, á máa retí ọ̀dà pupa. Tàbí kó gba ilé ẹ̀kọ́ lọ lórí orúnkún rẹ̀ láti lọ jẹ́wọ́ fún wọn. Sístà mọ̀ ọ́n. Kò sọ ọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ìyá ò jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́ ní àkókò tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ dé. Káfíńtà ti padà sẹ́nu ìkíni rẹ̀, "Sístà, ẹ káàbọ̀," ó tilẹ̀ ń fi "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" kún un nígbà míì. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ láti òdìkejì mọ́. Ó ní ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n lórí bébà nínú yàrá rẹ̀, ó mọ iye èèyàn tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò wúlò fún un láti fi wá ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ó sọdá, ó kan ilẹ̀kùn yàrá iwájú yẹn. Kò sí ìdáhùn. Ó tún un kàn. Ó gbọ́ tí ọ̀pá ń bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbọ́ tó dúró ní òdìkejì pákó.

"Ìyá, èmi ni, mà. Mo ní kí n wá kí yín ni."

"Máa lọ sílé, ọmọ mi," ni ìyá wí láti inú. "Ọwọ́ yìí ò dáa mọ́. Má jẹ́ kó tún ba nǹkan míì jẹ́ fún ọ."

Ó fara ti ògiri. Ó ti la ẹnu láti sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ọkùnrin tó mú bírò. Ó wo ògiri tó fara tì, ó rí ibi tí ọwọ́ ọkọ ìyá ti fi símẹ́ńtì dí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó ní, "Ó dàárọ̀, mà," ó sì sọdá padà sílé.